Áàpù tó ní bass wà nínú dáàmù Asa: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Àmì ẹja pupa ni áàpù yìí, tó ń fi ibi tí ẹja wà han apẹja lórí máàpù, fi sí apá gúúsù dáàmù Asa ní Ìlọrin, níbi tí odò ti ń wọlé. Ó kọ "bass, kílò 2.1" sábẹ́ rẹ̀, ó ní omi ibẹ̀ jìn tó mítà 9. Okùn tí mo so òjé mọ́, tí mo ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan, kanlẹ̀ kí kókó kejì tó wọ omi. Odò Asa ń ṣàn lọ sí àríwá, ẹ̀bá ògiri dáàmù ló yẹ kó jìn jù. Áàpù gbé e dojú délẹ̀. ₦6,500 ni mo sì san kí ìlà tó ń fi jíjìn omi hàn lórí máàpù yẹn tó ṣí!

Kò sí bass ní Ìlọrin. Ẹja omi Amẹ́ríkà ni. Níbi tó bá wà nílẹ̀ Áfíríkà, bíi adágún Naivasha ní Kenya tàbí àwọn dáàmù South Africa àti Zimbabwe, èèyàn ló gbé e débẹ̀. Àwòrán tó wà lábẹ́ àmì pupa yẹn, epìyà ni. Ọmọ tí wọ́n rán lọ ra ẹja ní Ìpàta á dá a mọ̀. Ẹ wo lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀: ti epìyà kan ṣoṣo ló gùn lọ dé ìdí ìrù. Ti bass fẹ́rẹ̀ẹ́ gé sí méjì, ẹ̀gún níwájú, rírọ̀ lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ a sì ya kọjá ojú. Ohun tó fa àṣìṣe náà kò ṣòroó mọ̀. Nínú orúkọ tí áàpù ní kí apẹja yàn fún ẹja tó bá pa, kò sí epìyà, kò sí àrọ̀. Á kàn yan èyí tó bá kọ́kọ́ rí.

Àwọn òṣìṣẹ́ áàpù náà ńkọ́? Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn lákọ̀ọ́kọ́: kí n lo ìdẹ rọ́bà aláwọ̀ ewé "nígbà ìrúwé". Ìrúwé wo? Òjò, ọyẹ́ àti oòrùn la mọ̀ níbí. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó ní kí n fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Mo fi fídíò okùn náà ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin, kẹ́kẹ́ pa. Lọ́jọ́ karùn-ún, obìnrin kan kọ̀wé, ó kí mi dáadáa, ó sì sọ ohun tí kò sí nínú ìpolówó wọn: adágún tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi ẹ̀rọ wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń fojú bu jíjìn rẹ̀ láti ara bí etí omi ṣe rí. Wọn kò dá owó padà. Oṣù méjì ni wọ́n fi kún àsìkò tí mo ti san fún.

Òun náà ló júwe ibi tí mo ti ń fò kọjá látọjọ́ yìí: àwòrán sátẹ́láìtì oṣooṣù tó wà nínú áàpù náà. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ ṣí èyí tí wọ́n yà ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí omi ti fà. Ojú odò àtijọ́, kùkùté igi, àpáta, gbogbo rẹ̀ á yọ síta. Ẹ fi àmì sí wọn. Tí omi bá kún padà ní oṣù kẹsàn-án, ibẹ̀ lẹja ń sá sí, ẹni tó bá dé etí omi lásán kò sì lè mọ̀. Mo fi okùn wọn mẹ́fà nínú irú àmì bẹ́ẹ̀, márùn-ún pé.

Fún epìyà, ìwọ̀ nọ́ńbà 8 tàbí 10, ekòló kékeré, kọ́ọ̀kì tó ń léfòó, kí ìdẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà méjì wọlé. Ìwọ̀ ńlá ni ọ̀pọ̀ ń lò, ẹnu epìyà kò sì gbà á. Á jẹ ìdẹ, á fi ìwọ̀ sílẹ̀. Fún àrọ̀, ìwọ̀ 2/0, ìfun adìyẹ, òjé tó jókòó sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ sí àṣálẹ́. Tí òjò bá ti sọ omi di pupa, ìdẹ tó ń dán kò wúlò mọ́, olóòórùn ni kí ẹ lò. Omi ẹ̀rọ ìlú ni Asa o, ẹ bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Fún dáàmù Ọ̀yun ní Ọ̀fà, ẹ gba máàpù sórí fóònù látilé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹni tó bá ń wá ẹja tí í lúgọ bíi bass, kó lọ sí Jẹ́bà. Èyí tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa (Nile perch lédè Gẹ̀ẹ́sì) wà níbẹ̀, okùn tó lè gbé kílò 15 ni kí ẹ mú dání. Bass náà ni áàpù pe ìyẹn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san ti ọdún tó ń bọ̀.