Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Agíríìkì ní Àkúrẹ́

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, nítòsí Ọjà Ọba, kò tóbi, kò sì jojú ní gbèsè. Oògùn oko, irúgbìn àti ohun èlò ìfínkòkó ni wọ́n ń tà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní ìgboro. Ẹni tó ni ín ló mú un yàtọ̀: òṣìṣẹ́ agíríìkì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sin ìjọba títí ó fi pé ọdún 35 tí òfin là sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ láti Ìlárá-Mọ̀kín títí dé Ìdànrè kò sì tíì yé pè é ní Ọ̀gá Agíríìkì.

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ètò ADP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀, ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n á pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ méjì méjì, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gun alùpùpù lọ sí abúlé láti fi ohun tí wọ́n kọ́ han àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n yàn, kí àwọn yẹn náà lè fi han àwọn ará àdúgbò wọn. Ìṣe iṣẹ́ yẹn kò tíì kúrò lára bàbá yìí. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra oògùn kòkó, kò ní nawọ́ sí pẹpẹ kó tó bi yín léèrè bóyá èso ló ń dúdú tàbí kòkòrò ló ń fa omi ara rẹ̀ mu, bí igi kan ṣe jìnnà sí èkejì, àti ìgbà tí ẹ gé ẹ̀ka kẹ́yìn. Ojú mi ló ṣe tó ní kí oníbàárà kan da owó rẹ̀ padà sápò ná, kó lọ ká gbogbo èso tó ti dúdú kúrò lórí igi, kó sì gé ẹ̀ka tó pọ̀ jù kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, nítorí pé oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe ń dáàbò bo èso tí àrùn kò tíì mú ni, kì í wo èyí tó ti bàjẹ́. Ọlọ́jà mélòó ló ń lé owó lọ báyìí?

Kì í ta paraquat, oògùn apakoríko, rárá. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì máa ń sọ fún ẹni tó bá bèèrè rẹ̀ pé kò sí ẹ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbé e mì.

Àléébù rẹ̀ wà. Ọjà rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, irúgbìn àgbàdo sì tètè ń tán nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí mo yìn yìí náà ló ń mú kí èrò pẹ́ lórí ìdúró. Bí bàbá bá lọ sí ìpàdé àwọn afẹ̀yìntì, ọmọ tó ń bá a tajà kò mọ̀ ju iye owó lọ, ṣọ́ọ̀bù náà a sì dà bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń bá ènìyàn dé oko pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó pè é ni yóò san owó ọkọ̀, èyí tí kò burú lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń bá àgbẹ̀ lóko nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ ní òwúrọ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè bóyá bàbá fúnra rẹ̀ wà nílé, kó sì di èso tó ń ṣàìsàn sínú ọ̀rá dání.