Ọdún 6 ni mo fi sá fún àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, mo ti ṣe é báyìí o

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é fún mi lọ́jọ́sí, kò wo ojú mi, ó kàn ní "ẹ la ẹsẹ̀, ẹ dẹ ara yín", mo ní kó dúró, ó ní òun ti fẹ́ẹ̀ parí. Ẹni tí wọ́n bá ti fipá bá lò rí á mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe fún mi. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ti kílíníìkì tuntun yìí yàtọ̀. Aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi tá a fi jókòó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi rí o, ó kàn ní "mà, ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ò fẹ́ kí n sọ?" Mo ní kó má sọ "ẹ dẹ ara yín". Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tí mo bá ti gbé ọwọ́ òsì sókè, gbogbo ẹ̀ dúró nìyẹn, kò sí pé mò ń ṣàlàyé.

Speculum yẹn, ohun èlò tí wọ́n fi ń la ojú ara obìnrin kí wọ́n lè rí ẹnu ilé ọmọ, ó fi lé mi lọ́wọ́, oníke ni, èyí tó kéré jù. Mo ṣí i, mo pa á dé, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, àṣé ìró yẹn gan-an ló ń já mi láyà láti ọjọ́ yìí! Ó ní tó bá wù mí kí n fọwọ́ ara mi fi sí i, èmi náà ni mo sì fi sí i. Aṣọ bò mí dé orúnkún. Mo gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lójú ẹsẹ̀, kò pòṣé, kò wo aago, àfìgbà tí mo ní ó yá. Brọ́ọ̀ṣì tó fi gba nǹkan tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò yẹn ò tó ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ fi òwú gba nǹkan tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò fún HPV (kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ), láìsí speculum rárá, àjọ ìlera àgbáyé (WHO) gan-an sì fọwọ́ sí i. Tí èsì bá wá fi HPV hàn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ní káwọn wo inú. Ọdún 6, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi!

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Òṣìṣẹ́ tó jókòó síwájú tó ń gba àwọn èèyàn wọlé ló jẹ́ kí n yọ ọ̀kan tó kù, ó pariwo bi mí lójú èrò pé kí ló dé tí mo fẹ́ kí àkókò tèmi gùn ju tàwọn yòókù lọ. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ní òun á bá a sọ ọ́. Tí mo bá lọ gba èsì, màá mọ̀ bóyá ó gbọ́.