Sáílẹ́ńsà tuntun lábẹ́ Nissan 350Z mi: ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó

Ohùn ọkọ̀ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú Màrúwá ni, n ò tíì dé géètì ọgbà mẹkáníìkì náà, mo sì ti mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ kan ohun tí kò kàn wọ́n. Sáílẹ́ńsà tí mo rà kì í há. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kí n tó náwó lé e: ohùn rẹ̀ jìn, ó máa ń kùn láti ìsàlẹ̀ bí ìyá ìlù. Èyí tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn há bí agolo tí wọ́n ń wọ́ lórí ọ̀dà, òórùn bẹntiróòlù sì ti gba gbogbo ẹnu géètì.

Ọkọ̀ náà jẹ́ 350Z ọdún 2005, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ eré ti mọ agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, n ò ní tún un kà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ọ̀nà tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Sìlíńdà mẹ́ta ló wà lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, mẹ́ta lápá òsì, apá kọ̀ọ̀kan sì ní kátálíìsì tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín oró èéfín kù. Ẹ̀yìn kátálíìsì ni páìpù méjèèjì ti ń pàdé. Sáílẹ́ńsà tí mo rà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kátálíìsì dé ìdí ọkọ̀, bóòtì ló sì fi ń so mọ́ra. Kò sí ohun tó kan kátálíìsì nínú iṣẹ́ tí mo gbé fún wọn. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ibẹ̀ lẹ́nu, mo sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ lọ, inú mi dùn sí wọn gan-an. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwé ka gbogbo ohun tó wà nínú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan gásíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá wẹ́dà. Ó fa máágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan yọ nínú àpò, ó fi kan páìpù náà, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, “Ọmọ mi, irin gidi lo rà. Irin sitéńlẹ́ẹ̀sì 304 ni. Ìpẹtà ò ní tètè rí i gbé ṣe.” Ó wá fọwọ́ tọ́ ìkọ́ kan tó ti tẹ̀ lójú ọ̀nà, èyí tí wọ́n fi ń gbé páìpù kọ́ sára rọ́bà lábẹ́ ọkọ̀. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu páìpù yóò súnmọ́ bọ́ńpà jù, torí irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná, ó sì lè yọ́ ọ.

Kó tó tan iná, ó ní kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí iná wẹ́dà má bàa ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Mélòó nínú àwọn wẹ́dà wa ló ń rántí ìyẹn? Gáàsì argon ló fi jó o, kì í ṣe irú ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó géètì. Ojú ibi tó jó tò léra bí ìpẹ́ ẹja, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wúrà. Iná tó bá pọ̀ jù, dúdú ló ń yọ, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà ti ń wọlé. Mo dúró wò ó títí ó fi parí. Wọ́n ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí n padà wá lọ́la ní aago mẹ́rin, kí àwọn tó kù lè so gbogbo rẹ̀. Mo lọ sílé.

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo padà dé. Mo dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo na fóònù sábẹ́ ọkọ̀, mo ya fọ́tò. Níbi tí kátálíìsì méjèèjì wà, páìpù òfìfo méjì ni wọ́n so síbẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá, kátálíìsì mi dà?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìdọ̀tí ti dí i. A yọ ọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè mí. A ò tiẹ̀ gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín.”

“Ṣé mo ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ ni?”

“Gbogbo àwọn tó ń gbé ọkọ̀ eré wá ló ń yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Ibo lẹ gbé e sí?”

“A ti dà á nù.”

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi débi tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ta ló ń da kátálíìsì nù ní Èkó? Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á sì ń kiri ọgbà mẹkáníìkì kan dé òmíràn. Bí mo bá gbé ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí iná ẹ́ńjìnnì yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò sì kọ P0420 àti P0430, kóòdù tó ń sọ pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́, torí sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn kátálíìsì yóò mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ mi obìnrin ló máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kátálíìsì ló ń sọ carbon monoxide, èéfín tí kò lóòórùn tó ń pa èèyàn, di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀.

Àpò ìrẹsì kan wà lábẹ́ tábìlì wọn, ìdí rẹ̀ ti dúdú fún èédú èéfín. Mo lọ tú u. Kátálíìsì mi kan wà nínú rẹ̀. Ìkejì ti bá ẹni tó rà á lọ láàárọ̀.

Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹlòmíràn bẹ̀ mí. Bàbá wẹ́dà ni ò bẹ̀ mí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ, ó ní òun ò ní jó irin kankan mọ́ nínú ọgbà yẹn títí ẹrù náà yóò fi padà. Ó kọjú sí ọ̀gá: “Wọ́n ní kí o tún un ṣe, o tà á. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ níṣẹ́ nìyẹn?” Kò pariwo. Gbogbo ọgbà dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá náà nígbà kan rí.

Nǹkan bí aago mẹ́ta ni ọlọ́kadà gbé ìkejì padà dé. Mo fi fọ́tò tí mo ti yà nílé wé e, tèmi ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun so méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ wá ibi tí èéfín lè máa jò. Nígbà tó ní kí n tan ọkọ̀, ohùn tí mo náwó sí ló jáde. Mo gbé e gba orí Third Mainland Bridge lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gíláàsì kalẹ̀, n ò fi rédíò sí i. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá ibi tí mo máa wà á lọ.

Àbùkù kan ṣẹ́ kù. Lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí tó ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìró kan máa ń kún inú ọkọ̀ tó ń di èèyàn létí. Ti sáílẹ́ńsà nìyẹn, kì í ṣe tiwọn. Tiwọn ni pé títí di òní, ọ̀gá náà ò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n má bínú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló yọ nínú owó iṣẹ́. Mo san gbogbo rẹ̀ pé, n ò fẹ́ kí ó rò pé a ti parí ọ̀rọ̀.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Oṣù tó ń bọ̀, Bàbá yóò jó ìkòkò kékeré kan sí àárín páìpù láti pa ìró yẹn. Mo ti sọ fún un pé mo máa gbé àga mi dání, àti pé ọkọ̀ náà ò ní sun ibẹ̀.