Ilé ẹṣin kan ní Sábó Ìjẹ̀bú-Òde: ẹṣin wa tó rù hangogo ti ń sanra

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Kò sí pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà o, ẹ ṣáà dé Sábó kẹ́ ẹ béèrè ibi táwọn Hausa ń so ẹṣin mọ́, wọ́n á júwe ẹ̀ fún yín. Wọ́n ń gba ẹṣin ẹlẹ́ṣin tọ́jú, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tó bá sì di ọjọ́ Ojúde Ọba wọ́n á dì í ní gàárì fún yín.

Ẹṣin tí bọ̀dá mi rà láti Òkè Ọya ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ìyá wa ní ṣé ẹ̀yìn yìí náà lẹ fẹ́ jókòó lé lọ síwájú Ọba. Egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà látòkèèrè, eegun ẹ̀yìn yọ gọngọ, ìdí ẹ̀ ti wọlé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò di dókítà. Ẹnì kan ní ká rọ àgbàdo fún un títí á fi yó, ẹlòmíì ní ká ra fíìdì adìyẹ ṣebí òun ló wà nítòsí, ẹnì kan tún ní èèpo ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń dín gàrí, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú bá gbọ́ ọ̀fẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Màlámù tó ni ibẹ̀ kò kọ́kọ́ dárúkọ oúnjẹ rárá. Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹṣin, ó fa ahọ́n ẹ̀ síta, ó ní ká wá wò ó. Eyín ẹṣin kì í yé yọ, koríko tó ń rún ló ń jẹ ẹ́ kù, àmọ́ kì í jẹ ẹ́ dọ́gba, eyín ọ̀kánkán ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwa ti mú ṣóṣóró, ó ti gé e nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé tó bá jẹ koríko, ìdajì ẹ̀ ló ń tu sílẹ̀ ní ṣùùkù ṣùùkù pẹ̀lú itọ́. Ká rọ gbogbo àgbàdo Ọjà Ọba sínú ẹ̀ nígbà yẹn, kí ló fẹ́ fi jẹ ẹ́?

Ó ní òun ò ní gbà á àfi tí dókítà ẹran bá kọ́kọ́ rí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti jèrè máàkì mi. Dókítà fi fáìlì rẹ́ eyín yẹn, ó gba ìgbẹ́ ẹ̀ lọ wo aràn, ó sì fa ẹ̀jẹ̀ torí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tí Màlámù ń pè ní sammore. Igbó tiwa nísàlẹ̀ yìí ni eṣinṣin yẹn fẹ́ràn, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹṣin ṣòro láti pẹ́ nílẹ̀ wa, á máa jẹun á sì máa rù, ẹ̀jẹ̀ á máa gbẹ lára ẹ̀.

Oúnjẹ wá kàn. Koríko ni olórí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ẹṣin tó bá tó kílò 300 yẹ kó máa jẹ bíi kílò 6 koríko gbígbẹ lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀ léraléra, kí ibi ìjẹun ẹ̀ má ṣófo. Wọ́n ń fi hàráwà, ìyẹn ewé ẹ̀pà gbígbẹ, kún un. Dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, náà wà níbẹ̀ àmọ́ wọn ò jẹ́ kó dá jẹ ẹ́, torí kálísíọ̀mù kò tó nínú ẹ̀, hàráwà ló ń bá a dí i. Nígbà tára ẹ̀ gbà á tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n òróró sí i, ṣíbí mélòó kan lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ wà nílẹ̀ tó lè lá, omi náà kì í tán.

Àgbàdo ńkọ́? Díẹ̀ ni. Tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí ikùn ò bá lè dà tán á bọ́ sínú ìfun ẹ̀yìn, á wú, inú á máa run ún, àrùn á sì bọ́ sí pátákò, ẹsẹ̀ á gbóná, kò ní lè tẹ ilẹ̀. Fíìdì adìyẹ ni ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ pátápátá. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ monensin tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọn nítorí coccidia, kòkòrò tó ń yọ ìfun adìyẹ lẹ́nu, adìyẹ á jẹ ẹ́ á tún máa kọ, ọkàn ẹṣin ló máa ń bà jẹ́, ìwọ̀nba kékeré ló sì ń pa á. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà, májèlé wà nínú ẹ̀.

Dókítà kọ́ wa béèyàn ṣe ń fi téèpù aránṣọ mọ ìwọ̀n ẹ̀. Ẹ wọn àyíká igẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ fi lọ́po ara ẹ̀, ẹ tún fi gígùn ẹ̀ láti èjìká dé ìdí lọ́po ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 11,877 pín in. Igẹ̀ 150 sẹ̀ntímítà, gígùn 140, bíi kílò 265 nìyẹn. Ó tún ń fún un ní máàkì láti 1 (èyí tó rù jù) dé 9 (èyí tó sanra jù): 2 ló fún tiwa lákọ̀ọ́kọ́, ó ti lé ní 4 báyìí, ẹran ti bo egungun ìhà, ẹ ní láti fọwọ́ pa á kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Máàkì kan tí mo yọ ńkọ́? Mo débẹ̀ láìsọ fún wọn, mo bá ọmọ iṣẹ́ kan lẹ́yìn ẹ̀ tó ń gùn ún ká àdúgbò, ẹṣin tí kò tíì ní ẹran lẹ́yìn! Màlámù bá a wí lójú mi, àmọ́ inú bí mi. Wọn kì í kọ rísíìtì, owó hàráwà kì í dúró lójú kan, ẹ ní láti nájà dáadáa. Ọ̀sán Jímọ̀, ẹ má wulẹ̀ pè é lórí fóònù.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá lẹ máa gbé ẹṣin rírù lọ bá wọn pé kó sanra kó tó di ọjọ́ kẹta ọdún tó jẹ́ Ojúde Ọba, wọ́n á dá yín padà, oṣù mélòó kan ló ń gbà. Bọ̀dá mi ò tíì fẹ́ gbọ́ ìyẹn, àmọ́ ó ti gbà pé ẹṣin háyà lòun máa gùn lọ́dún yìí.