RV tàbí òtẹ́ẹ̀lì: a ti gbé e wò

Èmi àti Dádì àwọn ọmọ yá RV, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, lọ́jọ́ márùn-ún, láti Houston lọ sí Big Bend, páàkì ìjọba àpapọ̀ ní Texas, ká lè mọ̀ bóyá ká ra tiwa tí mo bá fẹ̀yìn tì. Ó ń mu epo bí ọ̀mùtí: gálọ́ọ̀nù kan kì í gbé e ju máìlì mẹ́wàá lọ. Àmọ́ mo se ẹ̀fọ́ rírò nínú rẹ̀, mo sì fi irú sí i dáadáa. Òtẹ́ẹ̀lì wo ló máa gbà fún mi? Dída omi ṣáláńgá nù ló burú. Dádì ló dà á, pẹ̀lú ìráhùn.

Ẹni ọdún 62 tó ní gíríìnì káàdì lè fi 80 dọ́là ra káàdì àgbà tí wọ́n fi ń wọ irú páàkì ìjọba àpapọ̀ bẹ́ẹ̀, títí ayé. Ní ti RV, a máa yá a lọ́dọọdún. A ò ní rà á. Orúnkún mi ò gba àkàbà RV.