Plọ́ọ̀gì búlúù tí mo rà ní Òṣogbo, oṣù méje rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ ròde bíi tèmi, ẹ sún mọ́ bí, ọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló wà lára plọ́ọ̀gì téèyàn ń kọ gbogbo eléyìí sí, èmi náà ò kà á sí tẹ́lẹ̀, àfi ọjọ́ tí tèmi yọ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ọṣẹ dúdú níbi fídáù kan l'Ókè-Baálẹ̀.

Ámpù méjì wà lórí ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n mi, gílóòbù wà níbẹ̀, àṣé ìyá tó ń ta mínírà tún ti ki fíríìjì ẹ̀ bọ̀ ọ́ láì bi ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí fíúsì inú plọ́ọ̀gì gé, kò gé o, torí pé ọmọ iṣẹ́ mi ti yọ fíúsì oní 13 ámpíà (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà) yẹn dànù, ó fi wáyà kọ́pà rọ́pò ẹ̀. Wáákà ń lọ lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń náwó, òórùn rọ́bà tó ń jó bá ń ta mí nímú, kí n tó sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀ gbogbo ẹ̀ ti dákẹ́ lọ wáí. Alhaja tó ni ìnáwó wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Onísípíkà, ṣé mi ò sanwó ẹ pé ni?" Títí dòní tí mo bá rántí, etí mi á gbóná.

Ẹ̀gbọ́n oníná tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ní kí n lọ ra búlúù yìí, èyí tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ ńlá àti níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọ́n ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ onígun tí gbogbo wa ń lò nílé ò burú fún ilé, àmọ́ 13 ámpíà ni òpin ẹ̀, ìyẹn bíi 3,000 wáàtì, bí sìkúrù inú ẹ̀ bá sì dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ ni ooru ti máa bẹ̀rẹ̀. Búlúù oní 32 ámpíà á gbé bíi 7,300 wáàtì. Ti 16 náà wà, kò tó tèmi.

Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò Ìgbọ̀nà. Oríṣi méjì ni wọ́n gbé síwájú mi, ojú kan náà, àwọ̀ kan náà, àmọ́ owó ò dọ́gba rárá. Mo ní òòfà sípíkà kan tó ti kú nínú báàgì, mo yọ ọ́, mo fi kan ẹsẹ̀ èyí tí owó ẹ̀ kéré, gbà, ó lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni wọ́n fi nǹkan pupa kùn bí idẹ. Mo fi kan èkejì, kò mì. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ gbọ́n o, ọ̀pọ̀ ló ń ra ti owó kékeré tí wọ́n á padà wá bú mi." Mo ní Màmá kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń tà á, wọ́n ní tàwọn ò bá tà á ṣọ́ọ̀bù kejì á tà á. Mo san ₦14,000 fún takọtabo ẹ̀ (akọ ni plọ́ọ̀gì, abo ni sọ́kẹ́ẹ̀tì), ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ó dùn mí.

Ohun tó wá jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ rèé. Akọ ní ìgbá rọ́bà líle tó yí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, tí mọ́tò bá gùn ún n ò lè sọ, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ ti já a lulẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹsẹ̀ kankan ò tẹ̀. Ihò abo jìn sínú, ìka ọmọdé ò lè kan idẹ, ó sì ní ìdérí tó ní sípíríǹgì, tẹ́ ẹ bá ti fa akọ jáde, pá, ó ti pa dé. Ẹsẹ̀ kan gùn ó sì nípọn ju méjì tó kù lọ, ti wáyà ilẹ̀ nìyẹn, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sílẹ̀ kó má bàa gbé èèyàn, òun ló máa kọ́kọ́ wọlé, òun ló máa jáde gbẹ̀yìn, tórí náà kò sígbà tí iná wà níbẹ̀ tí wáyà ilẹ̀ ò sí. Àwọ̀ ẹ̀ náà kì í ṣe ẹwà lásán: búlúù ni ti 200 sí 250 fólíìtì, yẹ́lò ni ti 100 sí 130, pupa ni ti 380 sí 480, ibi tí ẹsẹ̀ ńlá yẹn dúró sí nínú kálukú yàtọ̀, ẹ̀ báà fi òòlù gbá a, akọ búlúù ò ní wọ abo yẹ́lò. Wọ́n tún ṣe nǹkan kan síbẹ̀ tó ń di wáyà lọ́rùn mú. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan tó ti mu dáadáa fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà mi níbi tó ti ń jó, bàbá ṣubú, orin ò dúró.

Ẹ̀rọ mi náà ò hó hùùù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ mi ò lè fi gbogbo ẹ̀ yin plọ́ọ̀gì, torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo jó wáyà tó bo ara wáyà máíkì padà mọ́ ẹsẹ̀ kìn-ín-ní ẹnu wáyà máíkì ọ̀hún, ó ti já tẹ́lẹ̀ n ò mọ̀.

Tó bá di ọ̀rọ̀ òjò, ẹ rọra. IP44 ni wọ́n kọ sára tèmi, àmì tó ń sọ bí eruku àti omi ò ṣe ní ráyè wọ nǹkan tó, omi tó bá ta sí i láti ibikíbi ò ní ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ kò ní kí ẹ fi í sínú ọ̀gbàrá o, orí búlọ́ọ̀kù ni mo máa ń gbé e lé. IP67 ni èyí tó lè wà lábẹ́ omi díẹ̀, ó ní òrùka tí wọ́n máa ń yí kó fi dì pinpin, mi ò rí i rà n'Ìgbọ̀nà.

Ohun tó ń bí mi nínú ò ju méjì lọ. Ìkíní, àwọn ilé tí à ń lọ ò ní abo ẹ̀, a ní láti so wáyà kékeré kan tó ní plọ́ọ̀gì ilé lórí kan àti abo búlúù lórí kejì, tẹ́ ẹ bá sì fi ìyẹn gba iná ilé, 13 náà lẹ padà sí. Ìkejì, kò pé oṣù márùn-ún tí sípíríǹgì ìdérí fi rẹ̀, kì í ti fúnra ẹ̀ mọ́, rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó ni mo fi so ó báyìí, ₦14,000 kẹ̀! Mo padà lọ bá Màmá, wọ́n ní wọn kì í ta ìdérí lọ́tọ̀, kí n ra odindi. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á nìkan n'Óṣogbo níbí, yálà l'Ọ́lá-Ìyá ni o tàbí l'Álékúwodò, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ kí oṣù kẹjọ tó dé, iṣẹ́ máa ń pọ̀ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun.