Ká gé sípíríǹgì ni, ká ra kúkurú, àbí ká ra coilover? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rẹ mọ́tò sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí mọ́tò ga sí i ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Wọ́n á ní kó fi rọ́bà há àárín sípíríǹgì kí abẹ́ ọkọ̀ yé ha ilẹ̀. Tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ kí Camry Big Daddy mi wálẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà dínkù. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ fún mẹkáníìkì mi, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kò sí o? Ṣé ọ̀nà Ọ̀yọ́ yìí náà lẹ ń gbà?"

Ọ̀nà náà ni mo ń gbà. Mo ti wá mọ ohun tí àwọn tó ń ta ọjà yìí kì í sábà sọ: sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń kó o níjàánu. Ẹni tó ra sípíríǹgì tí kò ro ti ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn kò tíì ra nǹkan kan.

Kí ẹ tó náwó, ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń dì. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ kó èèyàn mẹ́rin wọ inú ọkọ̀, ẹ gbé àpò ìrẹsì sí búùtù, kí ẹ wá fi téèpù wọn àlàfo láti ilẹ̀ dé ibi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ rẹ̀. Sàlẹ́ńsà ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wọn bọ́ǹpù àdúgbò yín. Èyí tí ará àdúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn kò ní ìwọ̀n kankan. Tẹnu ọ̀nà wa dà bíi pé ẹni tó mọ ọ́n fẹ́ mọ ògiri tẹ́lẹ̀ kó tó yí ọkàn padà. Ohun tó kù láàárín ìwọ̀n méjèèjì, òun lẹ ní lọ́wọ́ láti ná.

Gígé sípíríǹgì

Ọ̀fẹ́ ni, tàbí kó sún mọ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gé ìlọ́ kan kúrò, wọ́n á dá a padà. Òótọ́ ni pé sípíríǹgì tó bá kúrú a máa le sí i: bí ìlọ́ méje bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ tí ẹ gé ọ̀kan, á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í sábà tó láti dí àyè tí táyà fi ń lọ sókè sódò, tó ti sọnù. Ibi tí wọ́n gé kì í sì í jókòó dáadáa nínú àwo rẹ̀ mọ́. Mo gé tèmi lákọ̀ọ́kọ́, torí ojú ń kán mi. Lọ́jọ́ tí fọkanáísà fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, bí táyà ṣe sọ̀ kalẹ̀, sípíríǹgì ń mì nínú ilé rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Àwọn kan a tún máa fi iná gáàsì jó o kó lè rọ̀ wálẹ̀. Líle tí wọ́n fún irin yẹn níléeṣẹ́ ti bá iná lọ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan á sì máa rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ. Ẹ fo eléyìí.

Sípíríǹgì kúkurú

Eibach àti H&R ti Jámánì, Tein ti Jàpáànù: orúkọ tí ẹ máa rí jù nìyí. Mẹ́rin ni wọ́n ń tà pọ̀, fún irú mọ́tò kan àti ọdún rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní "á wọ̀ ọ́." Eibach ní Pro-Kit tó ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ níwọ̀nba, ó sì ní Sportline tó ń rẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀nà tiwa, èyí tó bá mú un wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì kan ni mo fara mọ́. Ní ti èyí tó ń lọ sí íǹṣì méjì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í kọjá Tákíé sí Under G nínú ìgboro níbí.

Ibi tí owó ti ń pọ̀ sí i rèé. Bí ọkọ̀ bá ti wálẹ̀, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì náà ti wọlé díẹ̀ kó tó kan kòtò kankan. Rọ́bà kékeré tó wà lára rẹ̀ á máa gba ìkúùkù tó yẹ kí sípíríǹgì gbà. Sípíríǹgì tuntun tó le lórí ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tó ti gbó: ọkọ̀ á máa fò bíi bọ́ọ̀lù. Bilstein ń ṣe ṣọ́ọ̀kì B6 fún gíga tí ọkọ̀ bá wá láti iléeṣẹ́, ó sì ń ṣe B8 tó kúrú fún èyí tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀. Bí agbára kò bá gbé B8, ṣọ́ọ̀kì KYB tuntun tó jẹ́ ti ọkọ̀ yín gan-an lè bá íǹṣì kan ṣe, àmọ́ kò ní pẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Coilover

Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ti wà pọ̀ lójú kan, ẹ lè yí òrùka rẹ̀ láti gbé ọkọ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Tein ń ṣe é, BC Racing ti Taiwan náà ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, sípíríǹgì mẹ́rin tó dáa máa ń wà ní nǹkan bíi dọ́là 300. Coilover tí ọkàn èèyàn lè balẹ̀ lé a máa tó 1,000. Ẹ wá ro owó ìkẹ́rù àti kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn.

Ó dùn ún wò. Eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ pupa ni kì í jẹ́ kó dùn pẹ́: wọ́n á dì mọ́ ojú ìlọ́ òrùka náà títí tí kò fi ní yí mọ́, ẹ á wá ti sanwó fún gíga tí ẹ ò lè yí padà. Ẹni tó bá máa rà á, kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Kó sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó lè rí ẹyọ kan rà bí ọ̀kan bá jò.

Bí ẹ bá ń rajà tòkunbọ̀ ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀, mo lè fọwọ́ sí sípíríǹgì: ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ to ọ̀tún àti òsì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí gíga wọn dọ́gba, ẹ wo òpin méjèèjì bóyá wọ́n ti gé e. Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ńkọ́? Mi ò ní rà á.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, kí mẹkáníìkì má fún bóòtì tó di àwọn bọ́ṣìn mú pinpin nígbà tí táyà ṣì wà lófuurufú. Kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná, kó jókòó lórí táyà rẹ̀, kó tó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà inú rẹ̀ á wà ní lílọ́ títí á fi ya. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá lọ ṣe aláínímẹ́ǹtì. Bí ẹ kò bá ṣe é, inú táyà ló máa jẹ tán kí ẹ tó mọ̀, pàápàá lára Honda Accord End of Discussion, tí táyà iwájú rẹ̀ a máa tẹ̀ sínú bí ọkọ̀ bá ti wálẹ̀. Iná iwájú náà, ẹ tún ibi tó ń kọjú sí ṣe.

Tèmi wà lórí sípíríǹgì kúkurú àti ṣọ́ọ̀kì tuntun báyìí, íǹṣì kan àti díẹ̀. Bí mo bá dé bọ́ǹpù ẹnu ọ̀nà wa, mo ṣì ń gbà á ní ìdágẹ̀rẹ́, táyà kan tẹ̀lé ìkejì, àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn á sì máa fun fèrè.